Ta Ni Ìyá Ọmọ Yóò Bi?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Agogo ilé-ìwé kò tíì lù, ìrì ṣì wà lórí koríko pápá wa ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, mo sì ń kó bọ́ọ̀lù jáde nínú àpò nígbà tí mo rí obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù. Gàrí ló ń yan tà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń gbá ọwọ́ òsì fún wa. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó na ìwé pélébé kan sí mi, ìwé tí wọ́n já fún un nígbà tó sanwó. Kò sí àdírẹ́sì lórí rẹ̀, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan, àfi nọ́ńbà tẹlifóònù kan tí kò lọ mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n bi?"

N kò rí ohun kan sọ. Ohun tó sì ń dùn mí títí dòní ni pé èmi fúnra mi ni mo ṣí pápá sílẹ̀ fún àwọn tó mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni ọkùnrin méjì wá bá mi. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá, wọ́n kó bọ́ọ̀lù tuntun àti ẹ̀wù aláwọ̀ méjì dání, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn ń wá. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa wá wo àwọn ọmọ yìí. Mo fún wọn ní pápá, mo sì fọn fèrè fún wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Àwọn ọmọ wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n wá láti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Ògbèrè, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní bàtà lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn sanwó fọ́ọ̀mù. Wọ́n mú ọmọ mẹ́fà, wọ́n ní kí wọ́n wá sí ibùdó ìdánrawò ní Èkó fún oṣù kan, kí òbí kọ̀ọ̀kan sì mú owó oúnjẹ àti owó ìwé wá. Ìyá ọmọ yìí lọ bẹ olórí èésú rẹ̀ kí ó jẹ́ kí òun tètè kó ti òun.

Lọ́jọ́ kọkànlá tí wọ́n ti lọ ni àwọn ọmọ náà padà dé. Ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ni wọ́n ń sùn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì péré, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin náà jáde tí wọn kò sì wọlé mọ́. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbà wọ́n sọ́kọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kò sí èyí tó sọnù nínú wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde ti kọjá lórí ọmọ ọlọ́wọ́ òsì mi, ó sì fi ọdún kan gbáko jókòó sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, bí àwa kóòṣì bá pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ọ̀rọ̀ ìdánwò bọ́ọ̀lù yìí bẹ́ sílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní tráyà, etí mi kì í sinmi. Àwọn kan nínú wa ní kí ìjọba fòfin dè é pátápátá: kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe kúrò ní pápá tirẹ̀ lọ ṣe ìdánwò ní ìlú mìíràn, kí ẹni tó bá ń wá ọmọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí àwọn ọmọ máa lọ bá a níbẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí ní ọjọ́ Ajé yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni ǹ bá nà sókè. Lónìí, n kò ní nà án. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọmọ Imùṣin máa rìn. Ẹgbẹ́ ńlá tó sún mọ́ wa jù ni Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn tó gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024 sí 2025. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, Kúnlé Ṣónàmẹ̀, ló ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Potogí ní 2015. Ọ̀nà tó lọ jìnnà ni ìyẹn, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tó dé Ìkẹ́nnẹ́, yóò wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Òde, yóò tún wọ òmíràn níbẹ̀, yóò jẹun lọ́nà, yóò sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá ní kó tún wá lọ́la, owó náà tún di ìlọ́po méjì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní ojú títì yóò lọ. Ọmọ ẹni tó ń yan gàrí kò ní lọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ju ti ọmọ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, bí a bá ní kí kóòṣì má ṣe jáde mọ́, ọmọ olówó nìkan la ṣílẹ̀kùn fún.

Irú àríyànjiyàn yìí ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ni ọ̀dọ́ ń gbà kọjá kí ó tó di ògbóǹtarìgì nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá eré. Yunifásítì tó bá fẹ́ ọmọ ni yóò san owó ilé-ìwé rẹ̀. Kóòṣì Yunifásítì Michigan nígbà náà, Jim Harbaugh, kúrò ní àríwá tó tutù ní 2015, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ rìn kiri àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, ó ń ṣe ìdánrawò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama níbẹ̀. Inú bí àwọn yunifásítì gúúsù. Àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá méjì lọ́hùn-ún, SEC àti ACC, ti ní òfin tí kò jẹ́ kí kóòṣì tiwọn lọ ṣe irú rẹ̀ kọjá máìlì 50 sí ọgbà yunifásítì rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí òfin náà de gbogbo èèyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2016, àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì fòfin dè é lóòótọ́. Ariwo ta. Àwọn kóòṣì ilé-ìwé girama àti àwọn ọmọ fúnra wọn ní òfin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tálákà tí kò lówó ọkọ̀ láti lọ fara han ní yunifásítì kan sí èkejì, àti pé àwọn yunifásítì kékeré tó máa ń bá àwọn ńlá péjọ síbẹ̀ kò ní rí ọmọ wò mọ́. Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn aláṣẹ àgbà fi wọ́gi lé òfin ọ̀hún, ní ọjọ́ 28.

Ohun méjì ni mo mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó pariwo jù pé kí wọ́n fòfin dè é ni àwọn tí ọmọ pọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà wọn. Oko wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Bó ṣe rí láàrin wa náà nìyẹn. Nínú àwa tí a ń sọ pé kí àlejò má wọlé, àwọn kan wà tí kì í ṣe ààbò ọmọ ló jẹ wọ́n lógún. Wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí owú náà ti jẹ èmi náà rí, ó sì gba àkókò kí n tó gbà lọ́kàn ara mi pé owú ni.

Èkejì ni ohun tí wọ́n ṣe ní 2017. Wọn kò fòfin de ìrìn àjò náà mọ́, wọ́n fi ìlànà sí i. Wọ́n ní kí kóòṣì má ṣe lo ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ fún un láàrin oṣù kẹfà àti oṣù keje, kí ó sì jẹ́ inú ọgbà yunifásítì tàbí pápá tí yunifásítì ń lò déédéé ni wọn yóò ti ṣe é. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ìyá ọmọ yẹn ló wá sọ́kàn mi. Inú ọgbà ilé-ìwé! Ibi tó ní ẹnu ọ̀nà, tó ní orúkọ, tó ní ọ́fíìsì tí èèyàn lè wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ilé-ìwé náà kúkú ni ọ̀nà tiwa tẹ́lẹ̀. Ife Principals' Cup ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949 pẹ̀lú orúkọ Zard Cup, ni àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù máa ń lọ wò. St. Finbarr's College ní Àkọkà, tí Fádà Denis Slattery dá sílẹ̀, ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Nígbà tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń kó ọmọ Áfíríkà lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí Yunifásítì Howard fi gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní 1974 láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi Godwin Odiye àti Andy Atuegbu fi lọ sí Yunifásítì San Francisco, ibi tí wọ́n ń lọ ní orúkọ, ẹ̀kọ́ sì wà nínú àdéhùn náà. Bàbá ọmọ mọ ibi tí yóò kọ lẹ́tà sí.

Kí ló wá dé? Ìdíje ilé-ìwé rẹ̀yìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Kóòṣì kò sí, owó mọ́tò kò sí, wọ́n kọ́ ilé sórí apá kan pápá. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ ni èpò ń gbà. Àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù tuntun kiri yìí, èpò ni wọ́n nínú oko tí àwa fúnra wa kò ro. A lè tu èpò lónìí. Bí a kò bá gbin nǹkan síbẹ̀, yóò tún hù. Ìdí nìyí tí òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá kò fi tó mi. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mi ò sọ pé òfin kò wúlò. Àjọ FIFA tó ń darí bọ́ọ̀lù àgbáyé ti sọ ọ́ nínú ìlànà rẹ̀, ní abala 19, pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, àyàfi fún ìdí díẹ̀ tí wọ́n kà sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fìyà jẹ Barcelona ní 2014 àti Chelsea ní 2019, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ìlànà tuntun lórí àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù, tó jáde ní 2023, sọ pé aṣojú kò gbọdọ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀ rárá, àfi bó bá ku oṣù mẹ́fà kí ọmọ náà tó ọjọ́ orí tó lè tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́, kí òbí sì ti fọwọ́ síwèé kí ó tó bá a sọ̀rọ̀. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ta ni òfin yìí rí mú? Barcelona ní ilé, Chelsea ní ilé. Àwọn ọkùnrin méjì tó wá sí Imùṣin kò ní ilé tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó ní àdírẹ́sì ni òfin ń bù jẹ. Ìdí nìyẹn tí Jean-Claude Mbvoumin, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ láti Kamẹrúùnù, fi dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Paris ní 2000, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí àwọn aṣojú kó dé Yúróòpù tí wọ́n sì já sí títì níbẹ̀. Wọn kò rí ẹni bi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ìlú tiwa. Àlejò tó bá fẹ́ tajà ní ọjà wa, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dáko sí ilẹ̀ wa, yóò wá olórí ẹbí rí, wọn yóò bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ẹnìkan bá ń wá ìyàwó ńkọ́? Alárinà yóò wà, ìwádìí yóò wà, ìdí ilé rẹ̀ ni wọn yóò tú wò. Ilẹ̀ ní olùtọ́jú, ọjà ní olórí. Báwo ni ẹni tó wá gba ọmọ ṣe ń wọlé tó ń jáde tí kò kí ẹnikẹ́ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o. Èmi ni mo fọn fèrè.

Nítorí náà, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ìlànà kan, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò bọ́ọ̀lù fún ọmọ wa yóò kọ lẹ́tà ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ẹgbẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀, àwa náà yóò sì pe ibẹ̀ láti béèrè. Inú pápá ilé-ìwé ni yóò ti ṣe é. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tàbí òbí, nítorí ẹni tó ń wá ọjà ló ń san owó ọkọ̀ ara rẹ̀. Kò ní bọ́ sí àkókò ìdánwò ilé-ìwé. Òbí tàbí alágbàtọ́ yóò wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá mú kò ní tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méje yóò kọjá, kí ojú àti ọkàn ilé lè balẹ̀, kí ẹnìkan nínú ẹbí sì sìn ín débẹ̀.

Mo tún ra ìwé ńlá kan. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, kíláàsì tó wà, ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ orí yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn aláìláàdírẹ́sì máa ń kọ́ ọmọ ni kí ó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, tí Ìjẹ̀bú-Òde sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́jọ tí wọ́n ti gbá a, ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti dàgbà jù. Irọ́ tí wọ́n kọ́ ọmọ ní abúlé, egungun ọwọ́ rẹ̀ yóò tú u síta lójú ayé.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ìwé yẹn. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀, tí ọmọ náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ni owó yìí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó tó lè ra bọ́ọ̀lù fún odidi ìran kan ní Imùṣin ń kọjá lórí wa nítorí pé a kò kọ nǹkan sílẹ̀.

Kóòṣì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, sọ fún mi pé mo ń lé oore lọ. Ó ní àwọn tó ń wá ọmọ lóòótọ́ kò ní sùúrù fún lẹ́tà àti ọjọ́ méje, pé wọn yóò kọjá lọ sí ìlú tó kàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ojú fò ó. Àwọn kan ti wá, wọ́n ka ìwé ara ògiri, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, a kò rí wọn mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni gidi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ wa kan ti pàdánù nítorí mi, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pàdánù àǹfààní ṣì wà nílé, a ṣì lè wá òmíràn fún un. Mo sì ti rí i pé ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í bínú sí ìbéèrè. Ọ̀kan kọ lẹ́tà sí wa, wọ́n mú nọ́ọ̀sì dání, wọ́n mú ọmọ kan ṣoṣo, bàbá rẹ̀ sì bá a lọ rí ilé tí yóò máa sùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ara ògiri ilé-ìwé kan. Ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ògbèrè lè gbé e jáde lónìí láìná owó. Àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ògùn lè sọ ọ́ di dandan. Àwọn ọba àti olóyè wa lè sọ pé ẹni tó bá wá kó ọmọ jọ ní pápá, kó kọ́kọ́ wá kí ìlú. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó ọmọ mẹ́fà wọ mọ́tò pé, ọmọ ta nìyí? Kí a sì tún ro oko wa: kí ìdíje ilé-ìwé padà, kí ẹni tó ń wá ọmọ lè mọ ọjọ́ àti ibi tí yóò ti rí gbogbo wọn.

Àwọn tí wọn kò bá mú náà ńkọ́? Ní 2007 tí ilé-ẹ̀kọ́ Aspire ti Kátà bẹ̀rẹ̀ ìwákiri agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Áfíríkà, ọmọ tó lé ní 400,000 ni wọ́n wò ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Henry Onyekuru gba ọ̀nà yẹn kọjá, orúkọ rẹ̀ sì tàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mú. Gbogbo ìyókù padà sílé. Iṣẹ́ tiwa gan-an ni àwọn tó padà sílé yìí. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì mi wà nínú wọn. Ó ti parí girama, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Bó bá wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, òun ló ń bá mi kọ orúkọ sínú ìwé ńlá yẹn.

Ní ìdánwò tó kẹ́yìn tí a ṣe, ìyá rẹ̀ wá. Àbúrò ọmọ náà ló mú wá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú tábìlì, kò wo pápá rárá, ọkùnrin tó wá láti ẹgbẹ́ náà ló ń wò. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Ọmọ mi, bí n kò bá rí ọmọ mi, ta ni kí n bi?" Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá ilé-ìwé sì fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ṣẹ́ ìwé náà, ó dì í sí etí ìró rẹ̀.

Wọn kò mú àbúrò náà lọ́jọ́ yẹn. Ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn òpó góòlù, ìyá rẹ̀ dúró dè é títí ó fi parí ẹkún, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà ọjà lọ sílé.